Ẹ̀bùn Kì í Jókòó

Lọ́jọ́ tí àwọn àpótí ìwé dé láti Niu Sila, aṣọ tí Taliaoa fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé wọ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́hùn-ún ló kó wọn ránṣẹ́. Wọ́n ń wó ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan ládùúgbò rẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìwé wá kó o kí àwọn tó da ìyókù nù, àbúrò Taliaoa sì rántí pé òun ní ìlú. Bí pàǹtí ilẹ̀ òkèèrè ṣe di ọrọ̀ Matatoelau, ìlú wa ní Samoa, nìyẹn.

Gbogbo wa la péjọ sí gbàgede, nítorí ẹ̀bùn tí a kò bá kígbe rẹ̀ síta, a kò tíì fúnni. Taliaoa ni agbẹnusọ ìlú wa. Òun ló ń gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kọ́ èjìká, òun ló ń fara ti ọ̀pá bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í kúrú. Ó ń fa ìwé yọ nínú àpótí, ó ń gbé e sókè sí oòrùn, ó ń ké pé, “Ẹ wo ìwé! Ẹ wo ọgbọ́n! Láti ìdílé Taliaoa sí gbogbo ọmọ Matatoelau!” Kò ka orúkọ ìkankan nínú wọn. Ó gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé, ìgbàgbé náà sì ṣe é lóore.

Ká ní ó kà wọ́n ni, ì bá rí i pé èyí tó kọ́kọ́ gbé sókè ń kọ́ni bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lórí yìnyín. Èyí tó tẹ̀ lé e sọ nípa owó orí tí àwọn ọlọ́sìn àgùntàn Niu Sila ń san. Òmíràn dá lórí ìtọ́jú ajá kéékèèké nínú ilé alájà púpọ̀. Òmíràn tún wà tó ṣàlàyé bí a ṣe ń mú ilé móoru nígbà òtútù. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí níwèé, tí òógùn ti ń kán wọ̀ mí lójú láti àárọ̀, mo ka ti ìkẹyìn yìí dé ìparí. Mo fẹ́ mọ irú ẹni tó nílò rẹ̀.

Fetuao ló ni wàhálà ibẹ̀. Òun ni ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé ìkàwé ní Apia, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, fi ṣe olùtọ́jú ìwé wa. Ọmọ wa ni, ọmọ Lomi apẹja. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ yìí ní Suva lókè òkun, ó sì padà wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí kan àti ojú tí kì í tètè ṣẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé ìkàwé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn. Pẹpẹ yí ògiri rẹ̀ ká, ìwé Taliaoa sì gba gbogbo pẹpẹ náà láti ilẹ̀ dé àjà. Àwọn èèyàn a dé ẹnu ọ̀nà, wọn a bọ́ bàtà, wọn a wò yíká, wọn a ní, “Fetuao, o kú iṣẹ́ o. Ìwé yìí mà pọ̀!” Wọn a tún bàtà wọ̀, wọn a máa lọ. Bí ìgbà tí èèyàn bá lọ kí òkú olówó ni.

Ìwé tí Fetuao fẹ́ kí a máa kà wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó wọn jọ díẹ̀díẹ̀: ìtàn tí wọ́n kọ ní èdè wa, ìwé orin tó ní àmì ohùn, ìwé kan tó fi àwòrán hàn bí a ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà, àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tó fẹ́ fi gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ilé bàbá rẹ̀ kò lógiri, bí ilé àwọn baba wa kò ṣe lógiri. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bàtà pàápàá a máa hu funfun. Òjò sì ń bọ̀.

Kì í ṣe òjò nìkan ló ń bọ̀. Ọ́fíìsì Apia ránṣẹ́ pé lẹ́yìn Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọdé, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Vaitoa yóò wá wo ilé ìkàwé gbogbo erékùṣù Savaii. Èyí tí kò bá lóǹkàwé, wọ́n á yọ iná rẹ̀, wọ́n á gbé olùtọ́jú rẹ̀ lọ síbòmíràn, wọ́n á sì dá yàrá padà fún ìlú. Ìlú ti mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ẹgbẹ́ onífèrè ìjọ kò ríbi kó fèrè wọn sí.

Fetuao kọ́kọ́ ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Suva: ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi wọ́n pé irú ìwé wo ni wọ́n fẹ́.

“Èyí tó bá wà náà ti dára,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Bàbá, èmi ọmọ yín ló ń bi yín o.”

“Mo mọ̀. Èyí tó bá wà.”

Ohun kan náà ni gbogbo ilé sọ, nítorí níbí, ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó fẹ́ jẹ tó sì dárúkọ oúnjẹ, ilé tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ti wá. Nígbà tó rí i pé ìbéèrè kò mú nǹkan wá, ó gbé àga rẹ̀ jáde síwájú ilé ìkàwé, ó sì pa ẹnu mọ́. Ìgbà yẹn ló ń gbọ́. Àwọn obìnrin tó ń hun ẹní lábẹ́ igi gbèrè ń jà lórí bí ìyá ìyá wọn ṣe ń parí etí ẹní ọlọ́lá, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ̀rí. Lomi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n tò ó padà, irin mẹ́ta ṣẹ́ kù sílẹ̀, olúkúlùkù sì ń sọ pé ẹnì kejì ló gbàgbé wọn. Fetuao ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń ronú kan àpótí abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ló bá lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀.

Ẹsẹ̀ òpó ìta ló jókòó sí, níbi tí ẹni tí kò lóyè ń jókòó. Àwọn olóyè ti mu àva, omi gbòǹgbò igi tí wọ́n fi ń ṣí ìpàdé, tán, ara ti ń tù wọ́n.

“Ẹ̀yin bàbá mi,” ó ní, “àyè ni mo wá tọrọ.”

“Àyè wo?” ni Taliaoa wí. “Ṣé yàrá yẹn ò gbà ọ́ ni? Àbí oúnjẹ Suva ló mú ọ sanra?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fetuao náà rẹ́rìn-ín, ó dúró kí ẹ̀rín náà tán pátápátá, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Ó gbà mí, bàbá. Ìwé ni kò gbà. Mo ní ìwé tó wúlò fún àwọn èèyàn, tí mi ò ríbi tò sí. Mo fẹ́ kó díẹ̀ kúrò nínú èyí tó wà níbẹ̀.”

“Kó o lọ síbo?”

Ibi tó ti bà á jẹ́ nìyí, nítorí òtítọ́ ló sọ. “Èyí tí ikán ti jẹ, màá sun ún, bàbá. Ìyókù…”

Ìrùkẹ̀rẹ̀ Taliaoa kúrò ní èjìká ọ̀tún, ó bọ́ sí ti òsì. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn.

“Sun ún. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọlọ́lá. Àbúrò mi fi òógùn ojú rẹ̀ kó ìwé kọjá òkun, ọmọ Lomi fẹ́ fi yan ẹja. Fetuao, bí wọ́n bá fún bàbá rẹ ní ẹní ọlọ́lá, ṣé á fi dáná ni?”

“Rárá, bàbá.”

“Ṣé wọ́n máa ń ju ẹ̀bùn nù ní Suva?”

“Bàbá, ìwé ajá wà níbẹ̀. Ajá inú ilé alájà púpọ̀. A ò ní ilé alájà kankan ní Matatoelau.”

“A máa kọ́ ọ,” ni Taliaoa wí.

Ìgbìmọ̀ ní kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sun ẹ̀bùn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jù ú nù. Fetuao dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó tẹ̀ ba títí ó fi jáde. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń gba gbàgede kọjá nínú oòrùn. Kò sáré, kò sì wo ẹ̀yìn. Ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun kì í rìn báyẹn. Bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn kan wò, tó wá ń wá fèrèsé, ló ṣe ń rìn.

Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n tíì yá nínú gbogbo ìwé Taliaoa, inú Fetuao sì máa ń dùn bó bá rántí rẹ̀. Ìyá Pepese ló yá a, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ahunní wa, tí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbàgbé pé òun ni. Ìwé náà nípọn, ó pupa, wúrà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ọkọ̀ ojú irin ní Samoa, ṣùgbọ́n òǹkàwé kan sàn ju àìsí lọ. Nígbà tó pẹ́ tí ìwé náà kò padà, Fetuao lọ kí i nílé. Ó bá a níbi tó ti ń la ewé fala sí wẹ́wẹ́ fún ẹní.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní kí n béèrè ìwé yẹn, bóyá ẹ ti kà á tán.”

“Kà á kẹ̀?” Pepese wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó ti se ẹní rẹ̀ jẹ. “Abẹ́ ibùsùn mi ni mo tẹ́ ẹ sí, láàárín ẹní, kó lè tẹ́jú. Etí rẹ̀ ti ń ká kò nílé yín yẹn. Ẹ ò mọ nǹkan iyì tọ́jú.”

“Ẹ ṣé, Ìyá. Ṣé kí n wá mú un?”

“Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ.”

“Lọ síbo?”

“Fagaloto. Ṣé o ò gbọ́ pé wọ́n sin ìyá Lefau ni? Ẹní mi ò tíì parí. Ṣé ọwọ́ lásán ni kí èmi Pepese mì lọ sílé òkú? Mo fi aṣọ èèpo igi wé e, mo gbé e kalẹ̀. Háà, Fetuao! Wọ́n gbé e sókè, wúrà rẹ̀ ń dán, wọ́n kígbe rẹ̀ títí. Ẹja inú agolo ni ìyàwó pásítọ̀ wa gbé wá ní tiẹ̀. Igbe tí wọ́n ké fún un ò tó ìdajì tèmi.”

“Ìyá! Yíyá lẹ yá a! Ìwé ìjọba ni!”

“Kí ló dé tí ò ń pariwo? Mo mọ̀ pé mo yá a. Fi wọ́n sílẹ̀, á padà wá. Ẹní tí mo gbé lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ Taliaoa, ṣé o mọ ìlú tó dé kó tó padà bá mi níbi ìsìnkú ọkọ mi? Etí rẹ̀ tí mo fúnra mi hun ni mo fi dá a mọ̀. Mo sunkún. Gbogbo wọn rò pé ọkọ mi ni mò ń sunkún.” Ó gbé ewé míì. “Ẹ̀bùn tó bá jókòó síbì kan, ìtìjú ni fún ẹni tó ni ín. Wọ́n á ní kò lẹ́bí, kò lọ́rẹ̀ẹ́, kò ríbi gbé e lọ.”

Fetuao ti ya ẹnu láti bá a jà. Ó pa á dé. Ó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, ó fa ewé fala sọ́dọ̀, ó sì ń bá a là á, láìsọ̀rọ̀, títí Pepese fi bi í pé ṣé inú ń run ún ni.

Ìyàwó Taliaoa ló sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún mi, nítorí òun ló ń bu kòkó gbígbóná fún wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní Fetuao wọlé pẹ̀lú abọ́ panikeke tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín, ó sì jókòó bí ọmọ gidi.

“Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo dárúkọ iná mọ́ ẹ̀bùn yín.”

“O dárúkọ rẹ̀,” ni Taliaoa wí, ó mú panikeke kan.

“Mo ti wá ronú. Ohun tó ń dùn mí báyìí ni pé ẹ̀bùn tó tóbi tó báyẹn wà nínú yàrá kékeré kan, àwọn ará Fagaloto ò sì tíì fojú kàn án rí.”

Taliaoa dá jíjẹ dúró. “Kí ni ti Fagaloto?”

“Ṣebí wọ́n ń ṣí ilé ìjọsìn wọn tuntun. Wọ́n ní Lefau ń sọ kiri pé òun ti mọ ohun tí Matatoelau máa gbé wá: ẹlẹ́dẹ̀ tó rù àti ẹja inú agolo.”

Mi ò mọ̀ bóyá Lefau, agbẹnusọ Fagaloto, sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tíì sọ ọ́, ó máa tó sọ ọ́. Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn.

“Lefau?” ni Taliaoa wí. “Lefau tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú?”

“Òun náà ni. Mo ní ká ní ìwé wọ̀nyí ṣeé gbé lọ ni, ẹnu á yà á. Kò sí ìlú tó tíì fi ìwé tọrẹ rí ní Savaii yìí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti ní kò gbọdọ̀ kúrò.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, bàbá.”

“Mo ní o ò gbọdọ̀ sun ún! Mo ní o ò gbọdọ̀ jù ú nù! Ṣé mo ní kó má rìn ni?” Ó ti dìde dúró. “Ọmọ yìí, ìwé lo kà, o ò mọ àṣà. Ẹ̀bùn kì í jókòó!”

“Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá,” ni Fetuao wí.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun ní láti wọ inú ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ó ti di èrò Taliaoa fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, wọ́n gbà. Ó tún wá sílé ìkàwé, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Fetuao fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Fetuao ń mi orí. Ó ti kó gbogbo ìwé sínú àpótí kó tó dé.

A fi bọ́ọ̀sì onígi kó wọn dé Fagaloto, èèyàn jókòó lé orí ìwé, ìwé wà lórí itan èèyàn, ẹlẹ́dẹ̀ wà lábẹ́ àga. Ẹni tó gba ẹ̀bùn ló ń kígbe ẹ̀bùn, nítorí náà Lefau ló bọ́ síwájú. Lefau yàtọ̀ sí Taliaoa. Ó gbọ́ òyìnbó, kì í sì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìjẹ́ kí èèyàn mọ̀. Ó gbé awò sójú, ó mú ìwé àkọ́kọ́, ó sì pinnu láti túmọ̀ orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ayé.

“Ẹ wo ìwé! Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lórí…” Ó dúró. Kò sí yìnyín ní Savaii àfi nínú fíríìjì, ọkọ̀ kò sì wọ ibẹ̀. A rí i bí òógùn ṣe yọ sí i níwájú orí. “Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ lórí omi tó dì! Ẹ̀yin ará, ká ní Peteru ka ìwé yìí ni, kò ní rì!”

Igbe ta. Ìlú méjèèjì pàtẹ́wọ́. Ara Lefau wá yá. Ìwé owó orí àwọn ọlọ́sìn àgùntàn di “Ìwé fún olùṣọ́ àgùntàn rere,” pásítọ̀ Fagaloto sì dìde gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìwé ìmóoru ilé di “Iná tí kì í kú nínú ìdílé onígbàgbọ́.” Orí ìwé ajá nìkan ló ti pẹ́ díẹ̀. Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. “Ìwé… ohun alààyè kéékèèké tí Ọlọ́run dá,” ó ní, ó sì tètè mú òmíràn.

Ojú Taliaoa kún fún omijé. Ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu bí wọ́n ṣe jẹ́ ti ẹ̀mí tó.

Fagaloto kì í ṣe ìlú tó ń gba ẹ̀bùn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé ẹní fún wa, wọ́n gbé màlúù tí wọ́n ti pa fún wa. Lórí ẹní tó gbẹ̀yìn, nínú aṣọ èèpo igi rẹ̀, ni wọ́n gbé ìwé pupa tó ní wúrà lẹ́yìn kalẹ̀ níwájú Pepese. Ìyá náà fi ìgúnpá gún Fetuao lẹ́gbẹ̀ẹ́ débi tó fi fẹ́ ṣubú. “Ṣé mi ò sọ fún ọ?”

Lọ́jọ́ kejì ni Fetuao gbé àpótí rẹ̀ kúrò lábẹ́ ibùsùn. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, igun ìwé orin ti rin díẹ̀, ó fi aṣọ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó tò wọ́n. Àwòrán ẹ́ńjìnnì ló gbé sẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí Lomi wá kí i, kò kọjá ibẹ̀. Ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó ké sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, “Wá wo irin tí o gbàgbé!” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, wọ́n sì fi òróró ẹ́ńjìnnì sọ ojú ìwé mẹ́rin di dúdú. Fetuao ra aṣọ ìnuwọ́ kan, ó gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ.

Fún àwọn ahunní, ó ní kí olúkúlùkù hun igun ẹní kékeré kan ní ọ̀nà ìyá ìyá rẹ̀, ó kọ́ wọn sára pẹpẹ, ó kọ orúkọ sábẹ́ wọn. Pepese wá wò ó bóyá tòun ló wà lókè jù. Tirẹ̀ ló wà lókè jù. Àwọn yòókù wá wò ó pé kí ló dé. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ni wọ́n ti ń jà, ìjà wọn sì ti ní ẹ̀rí.

Èyí tó gbọ́n jù ni ti Taliaoa. Fetuao gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá a, ó ní ọ̀rọ̀ ìkíni ìlú, oríkì gbogbo ìdílé olóyè Matatoelau, kò gbọdọ̀ sọnù, kò sì sí ẹnu tó mọ̀ ọ́n bí ẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún odindi ọjọ́ kan. Fetuao gbé e sí pẹpẹ tó fẹ̀ jù lọ, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ àti ìgbọ́rọ̀ tí èèyàn lè fi bo etí. Taliaoa wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Ó ń mú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bọ̀, ó ń mú àlejò bọ̀, bí ẹ bá sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ ó gbọ́ ọ tó ń pariwo, nítorí ẹni tó bo etí kì í mọ̀ pé òun ń pariwo, “Ẹ gbọ́ ibi yìí! Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́!”

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan rí nígbà tí Ìyáàfin Vaitoa dé láti Apia. Yàrá kún. Àwọn akọrin wà níbẹ̀, Lomi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, Pepese ń kọ́ ọmọbìnrin méjì ní etí ẹní. Ìyáàfin náà kò tíì jókòó dáadáa tí a fi gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì.

Fagaloto ni. Wọ́n ti gbọ́ pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo ilé ìkàwé wa, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Lefau sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun. Lẹ́yìn rẹ̀, àpótí, àpótí, àpótí. Gbogbo ìwé Taliaoa ti padà wálé, Fagaloto sì ti fi tiwọn lé e, èyí tí àwọn mọ̀lẹ́bí wọn kó ránṣẹ́ láti Ọsirélíà.

“Ẹ rò pé a gbàgbé!” ni Lefau ń ké. “Fagaloto kì í gbàgbé oore!”

“Ìwé tó pọ̀ tó báyìí!” ni Ìyáàfin Vaitoa wí, ojú rẹ̀ ń dán. “Fetuao, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó wọn wọlé. Orí pẹpẹ ló yẹ kí wọ́n wà.”

Mo wo Fetuao. Mo ti mọ ojú yẹn láti ìgbà tó wà ní kíláàsì mi. Ó kọjá lára àlejò, ó kọjá lára Lefau, ó lọ bá Taliaoa níbi tó jókòó sí, tó ń gbọ́ ara rẹ̀. Ó rọra yọ ìgbọ́rọ̀ kúrò ní etí rẹ̀ kan.

“Bàbá, ẹ máà bínú. Ìwé yín ti padà. Pẹpẹ yìí nìkan ló fẹ̀ tó láti gbà á. A máa gbé ohùn yín lọ sílé yín ná.”

“Ohùn mi?”

“Àti àwòrán yín.”

Taliaoa wo àpótí. Ó wo Lefau. Ó wo àwòrán ara rẹ̀, tó wò ó padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ ìgbọ́rọ̀ kejì, ó dìde, ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde sínú oòrùn. Ó kí Fagaloto títí wọ́n fi ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ó gba àpótí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ké ìyìn wọn. Nígbà tó gba gbogbo rẹ̀ tán, ó yíjú sí obìnrin Apia.

“Ẹ̀yin ará, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Àlejò wa la òkun wá sọ́dọ̀ wa. Ṣé ọwọ́ òfo ló máa gbé padà sọ́dọ̀ ìjọba? Ṣé wọ́n á ní Matatoelau ò lẹ́bí, kò lọ́rẹ̀ẹ́? Ìyáàfin, láti ọwọ́ ìlú méjì, sí ọ́fíìsì yín ní Apia: gbogbo ìwé wọ̀nyí!”

“Ẹ ṣeun púpọ̀,” ni Ìyáàfin Vaitoa wí, “ṣùgbọ́n mi ò lè…”

Obìnrin náà wò wá, a wò ó. Ọmọ Samoa ni, ó ní ìyá tó kọ́ ọ. Mo rí i nígbà tí ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ borí ẹ̀kọ́ ọ́fíìsì. Ó tẹ orí ba, ó gba ìwé tó wà lókè, ìwé pupa tó ní wúrà lẹ́yìn, ó sì gbé e kan orí ara rẹ̀ bí a ṣe ń gbé ẹ̀bùn kan orí.

Pepese ló ti gbé e lé orí àwọn àpótí náà. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ará Apia náà rí i.

Fetuao fúnra rẹ̀ ló fi okùn di àwọn àpótí, ìdì méjì-méjì, kò sì sí èyí tó lè tú kí ó tó dé etíkun òdìkejì. Ìyáàfin náà bá a lẹ́nu iṣẹ́, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

“Ìwọ lo ṣe èyí,” ó ní.

“Àwọn olóyè ni, Àǹtí. Ẹ fi ọwọ́ yín di ibí mú fún mi, kí n lè fà á kó le.”

Ó dì í mú. Iná wà nílé ìkàwé wa títí di òní, àwọn onífèrè sì ń kó fèrè wọn sábẹ́ ibùsùn Fetuao, níbi tí àyè ti ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì ń súnmọ́, wọ́n ránṣẹ́ láti Apia pé ọ́fíìsì ní ẹ̀bùn ìwé kan tó dára gan-an láti fi ta àwọn ilé ìkàwé ìgbèríko lọ́rẹ, ó sì ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Fetuao kò wo pẹpẹ. Ó tún ìdí aṣọ rẹ̀ dì, ó sì gba gbàgede kọjá lọ sọ́dọ̀ Pepese, láti béèrè ìlú tó ń gbéyàwó.